Bí Ilé Ìtọ́jú Àgbàlagbà Ṣe Ń Di Ilé Gidi

Ní 1682 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Royal Hospital lélẹ̀ ní Chelsea, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn sójà tó ti darúgbó tàbí tó fara gbọgbẹ́. Christopher Wren tó yàwòrán ilé náà ro ti orúnkún wọn: ó jẹ́ kí àtẹ̀gùn rọlẹ̀, kí ẹni tó ń tiro lè rọra gùn ún. Àmọ́ yàrá tí wọ́n ń sùn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú lóròó.

Irú àròjinlẹ̀ yẹn kò tètè tàn kálẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ṣèrànwọ́ fún kíkọ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní 1954, ìlànà ilé ìwòsàn ni wọ́n tẹ̀ lé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ìjókòó nọ́ọ̀sì láàárín, ẹni méjì nínú yàrá kan. Ẹni tó kàn ń fẹ́ ká bá òun wọ bàtà àti ẹni tí kò lè dìde mọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí. Ó dùn mí pé ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé kò dáa.

Ìyá kan ló ta ọmọ rẹ̀ jí. Rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá Keren Brown Wilson, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, nígbà tí ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún 55, ni wọ́n bá ń gbé e láti ilé ìtọ́jú kan dé òmíràn. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó wá nǹkan ṣe fún irú àwọn bíi tòun. Kí ló ń fẹ́? Yàrá tóun fúnra òun lè tì, ilé ìdáná kékeré, balùwẹ̀, àti ẹrù òun lọ́dọ̀ òun. Ní 1983, Wilson àti ọkọ rẹ̀ ṣí ilé àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Park Place ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, tó ní ibùgbé 112. Ẹni tó ń gbénú ibùgbé ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀; òṣìṣẹ́ á kanlẹ̀kùn. Bí ara ẹnì kan bá ń le sí i, wọn kì í tìtorí ìyẹn ní kó kẹ́rù, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń fi kún un. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà tọpinpin wọn, wọ́n sì rí i pé òmìnira yìí kò ba ìlera wọn jẹ́.

Ti àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà tún yàtọ̀. Ní Corinne Dolan Center, ní Ohio, wọ́n ká aṣọ tó bo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú yàrá, kí ojú lè máa rí i. Àwọn tó ń gbébẹ̀ wá ń lò ó fúnra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2009, wọ́n ṣí De Hogeweyk, tó dà bí abúlé kékeré, ní Weesp, ní Netherlands, fún irú wọn: àwọn bíi mẹ́fà sí méje nínú ilé kọ̀ọ̀kan, òpópónà, ọgbà àti ṣọ́ọ̀bù nínú odi kan náà, tí wọ́n lè máa rìn kiri láìsọnù.