Kí Ni Akọ́nimọ̀ọ́gbá Àtijọ́ Lè Gbé Padà Wá?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tí Chelsea, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Graham Potter, kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí a sì ń gbọ́ pé Frank Lampard, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn tó sì ti kọ́ wọn rí, ni wọ́n fẹ́ pè padà, mo wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ìbàdàn níbi tí àríyànjiyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Bọ̀dá kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, tí nọ́ńbà 8 ti Lampard ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó jókòó tì í dá a lóhùn pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara mọ́, pé ẹni tí wọ́n ti lé lọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ náà wà ní ipò kẹsàn-án, kí ni ó tún fẹ́ wá ṣe? Wọ́n yíjú sí mi, nítorí wọ́n mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wọ́n ní, "Kóòṣì, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Ṣé kó padà ni àbí kó jókòó jẹ́ẹ́?"

N kò lè dá a fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé orí bóyá ọkùnrin náà dára ni wọ́n ti ń jiyàn, bẹ́ẹ̀ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a máa ń wò ni iye àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ tí wọ́n ṣẹ́kù sínú ẹgbẹ́ náà, iye ọjọ́ tí wọn yóò fún un, àti ẹni tí àṣẹ rírà àti títà agbábọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè fi òye jiyàn nígbà tí ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ bá tún dé, nítorí kò ní ṣàìdé.

Èmi fúnra mi ti padà sí ẹgbẹ́ tí mo ti kọ́ rí. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A ti jọ gòkè láti ìpele kan sí òmíràn kí n tó kúrò níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì pè mí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìlù ni àwọn olólùfẹ́ fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń ṣe ìgbáradì, ẹnì kan dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, mo sì pariwo ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń pè láyé ìgbà yẹn: "Ìlà!" Láyé ìgbà yẹn, bí mo bá ti pè é báyìí, àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn á jọ gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á sún síwájú, agbábọ́ọ̀lù iwájú tó ń dúró dè wá á bá ara rẹ̀ lẹ́yìn wọn, bí wọ́n bá sì gbá bọ́ọ̀lù sí i, adájọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá á gbé àsíá pé ó wà ní ọfísáìdì. Lọ́jọ́ yẹn, aṣọ́lé nìkan ló gbé ẹsẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tí mo kọ́. Àwọn mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀ yíjú wò mí, wọn kò mọ ohun tí mò ń wí.

Inú ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gbé, kì í sì í gbé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti lọ. Láti kọ́ àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn bí wọn yóò ṣe máa rìn pọ̀, okùn gidi ni mo máa ń so mọ́ wọn níbàdí, kí ó tó nǹkan bíi mítà mẹ́jọ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sí apá ọ̀tún, gbogbo wọn ní láti sún sí ọ̀tún. Ẹni tó bá sùn, okùn á fa ẹnìkejì rẹ̀, òun náà á sì mọ̀ ọ́n lára. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí wọn á fi lè tú okùn náà kúrò tí ara wọn á sì máa rìn bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, bí a bá sì ń rí ọjọ́ mẹ́rin gidi lò nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ̀yìn nìkan nìyẹn o. A kò tíì dé àárín, a kò sì tíì sọ̀rọ̀ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sórí Lampard. Kí a má purọ́, ẹni tó fẹ́ ẹ lálẹ́ ọjọ́ náà ní ẹ̀rí. Góòlù 211 ni ó gbá fún Chelsea, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn tó gbá tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ ní ọdún 2019, FIFA ti fòfin de Chelsea pé wọn kò gbọdọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù, Eden Hazard sì ti lọ sí Real Madrid. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ náà tọ́ dàgbà ni ó fi dí àlàfo náà: Mason Mount, Reece James, Tammy Abraham, àti Fikayo Tomori, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánádà. Abraham gbá góòlù 15 nínú Premier League sáà náà, Chelsea sì parí sí ipò kẹrin. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, mo sì fi ọ̀wọ̀ hàn fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa padà dé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2023, Abraham wà ní Roma, Tomori wà ní Milan. Ẹgbẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó mìíràn láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n sì ti ra agbábọ́ọ̀lù lọ súà débi pé àwọn tó pàdé lé ní ọgbọ̀n. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun sì ti wọ̀ ọ́. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù náà, èkejì ní ọjọ́ 12, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 15, ẹ̀kẹrin ní ọjọ́ 18. Nínú iṣẹ́ wa, ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún àwọn tó gbá a, ọjọ́ tó ṣáájú òmíràn sì jẹ́ ọjọ́ tí a kì í ṣe iṣẹ́ agbára, kí ẹsẹ̀ má baà rẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, ọjọ́ wo ni ó kù tí ènìyàn yóò fi so okùn mọ́ ẹnikẹ́ni níbàdí? Wolves na wọ́n, Real Madrid na wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Brighton na wọ́n nílé ara wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n pàdánù léraléra kí wọ́n tó rí Bournemouth nà. Nínú 11 tí ó darí, ẹyọ kan yẹn nìkan ni ó borí, ó ta ọ̀mì nínú méjì, ó sì fìdí rẹmi nínú mẹ́jọ. Chelsea tí ó bá ní ipò kọkànlá parí sí ipò kejìlá pẹ̀lú àmì 44.

Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń fi àbájáde yẹn sọ pé Lampard kò mọ iṣẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n pè fún ọ̀sẹ̀ méje àti díẹ̀, tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò pinnu ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí wọn yóò tà, kò ní pàṣán lọ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ kò dùn yóò gbọ́ ohun tó bá wí, yóò sì máa ka ọjọ́.

Ní Chelsea kan náà yìí, José Mourinho ti padà rí, ó sì dára. Ó kúrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 lẹ́yìn tó ti gba líìgì lẹ́ẹ̀mejì, ó padà ní ọdún 2013, ó sì tún gba líìgì ní sáà 2014 sí 2015. Ẹ wo àwọn tó pàdé nígbà tó padà: Petr Cech, John Terry, Lampard fúnra rẹ̀, Ashley Cole, àti Mikel Obi ọmọ tiwa. Didier Drogba náà padà wá bá a ní ọdún 2014. Àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí ó ń fẹ́ kí ó tó la ẹnu, àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ nínú wọn ní sáà tó gba líìgì náà sì lè sọ ọ́ fún Diego Costa àti Cesc Fàbregas tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá ọdún 2015, Lampard, Cech, Cole àti Drogba ti lọ, Chelsea ti pàdánù mẹ́sàn-án nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16, wọ́n wà ní ipò kẹrìndínlógún, wọ́n sì lé e. Ìjà àti àìgbọ́ra-ẹni-yé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mo mọ̀. Síbẹ̀, lójú mi, lílọ àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù ṣe pàtàkì ju bí àwọn oníròyìn ṣe kà á sí lọ.

Everton ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó bá sọ pé ẹni tó ti lọ kò gbọdọ̀ padà. David Moyes kọ́ wọn láti ọdún 2002 títí di 2013. Nígbà tí wọ́n lé Sean Dyche ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, wákàtí díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù FA Cup pẹ̀lú Peterborough, àwọn méjì tó sì darí ẹgbẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Leighton Baines àti Seamus Coleman. Moyes ló ra àwọn méjèèjì sí Everton. Ẹ ronú sí ìyẹn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 12 tí ọkùnrin náà ti lọ, síbẹ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà, èkejì sì jẹ́ balógun wọn.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pe Moyes padà, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún méjì àbọ̀. Everton ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 nígbà náà, àmì 17 péré ni wọ́n ní, àmì kan ni wọ́n sì fi ju àwọn tó wà ní ẹnu ọ̀fìn, ìyẹn àwọn ipò tó ń já wálẹ̀ kúrò nínú líìgì, lọ. Aston Villa na án nínú àkọ́kọ́, àwọn kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a kúkú wí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́sàn-án ni ó gbá tí ẹnikẹ́ni kò rí i nà. Beto, tí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ eré tẹ́lẹ̀, wá di ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú oṣù Kejì. Àmì 31 ni Moyes kó nínú 19 tó kù, ẹgbẹ́ náà sì parí sí ipò kẹtàlá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà tí Dyche fi kó 17 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lò tán.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kevin Keegan padà sí Newcastle ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, inú ìlú náà dùn bí ẹni pé ọdún dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ń mú agbábọ́ọ̀lù wá fún un láìgba ohùn rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì dá a láre lẹ́yìn náà. Newcastle já wálẹ̀ láti Premier League ní ọdún 2009.

Nílé wa níbí náà, ó ti ṣẹlẹ̀. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, kó Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1984. Ní ọdún 2002, wọ́n pè é padà láti kó Super Eagles lọ sí Ife Àgbáyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ Amodu Shuaibu tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún wa. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ó ní láti fi múra. Ó fi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀, gbogbo ìlú sì bínú. Argẹntínà na wá ní ayò kan, Sweden na wá ní méjì sí ẹyọ kan, a sì ta ọ̀mì pẹ̀lú England. Nínú ọ̀mì yẹn ni Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19, ti ṣọ́ ilé fún wa, ó sì ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Èmi kì í bá àwọn tó ń bú Bàbá lórí ọdún yẹn kẹ́gbẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ tún máa wò: bóyá ọkùnrin náà ti kọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn tó lọ. Nígbà tí Zinedine Zidane kọ́kọ́ kọ́ Real Madrid, tí Cristiano Ronaldo wà lọ́wọ́ rẹ̀, góòlù 106 ni wọ́n gbá nínú líìgì sáà 2016 sí 2017. Nígbà tó padà ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Ronaldo ti lọ sí Juventus. Zidane wá dí ẹ̀yìn ẹgbẹ́ náà. Ní sáà 2019 sí 2020, góòlù 70 ni wọ́n gbá, 25 péré ni ó wọ ilé wọn, wọ́n sì gba líìgì náà. Ẹni tó bá padà wá tí ó sì ń sọ pé bí a ti ń ṣe é láyé ọjọ́sí ni a ó tún ṣe, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ kékeré tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún ránṣẹ́ sí mi, ìdíje wọn kò lọ déédéé. Mo bi wọ́n léèrè iye agbábọ́ọ̀lù tí mo mọ̀ tó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí, aṣọ́lé àtijọ́ náà ti fẹ̀yìn tì, ó ń wa ọkọ̀ báyìí. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ní alága ni. Mo bi wọ́n léèrè iye ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ́kù kí ìdíje parí. Wọ́n ní mẹ́fà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n rántí mi, mo sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí mò ń kọ́, tí okùn ṣì wà níbàdí wọn.