"Mo ti fi ránṣẹ́" kò túmọ̀ sí pé ó ti dé

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, bí ọ̀gá bá béèrè iṣẹ́ kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì, sà." Ẹni tí ó dáhùn bẹ́ẹ̀ gbà pé ọrùn òun ti mọ́, nítorí pé lójú rẹ̀, lẹ́tà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ òun ti dé ojú ẹni tí ó ni ín. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí "Sent" tí a ń rí lójú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a bá fi ímeèlì ránṣẹ́ ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá wa gbé lẹ́tà ti gbà á lọ́wọ́ wa. Òun ni yóò wá kọ̀ǹpútà ti ẹnì kejì lọ. Bí kò bá rí ẹni dá a lóhùn níbẹ̀, yóò máa padà lọ kànkùn, ó sì lè tó ọjọ́ 4 tàbí 5 kí ó tó jẹ́wọ́ fún wa pé òun kò rí iṣẹ́ náà jẹ́. Bí wọ́n bá sì gbà á, ó lè jẹ́ inú àpótí spam, níbi tí ẹ̀rọ ń kó lẹ́tà tí ó bá fura sí sí, ni yóò bọ́ sí, Gmail a sì máa pa ohun tí ó bá ti lo ọjọ́ 30 níbẹ̀ rẹ́. Èyí tí ó burú jù ni kí a ṣi àdírẹ́sì tẹ̀, kí ó sì bọ́ sí ti ẹlòmíràn: ẹni ẹlẹ́ni a ka ọ̀rọ̀ wa, a kò sì ní gbúròó kankan.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ẹgbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé wa bá wọn tẹ abẹ̀bẹ̀ tí wọn yóò mú dání ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Mo kọ iye owó, mo fi "Hello" lásán ṣe àkọlé, mo so fáìlì mọ́ ọn, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó pe akọ̀wé wọn. "Háà, bọ̀dá, ẹ̀yin la ti ń retí! A ti gbé e fún ẹlòmíràn." Nígbà tí wọ́n wo àpótí spam, ibẹ̀ ni lẹ́tà mi wà, láàárín ìpolówó oògùn.

Àrokò tí àwọn baba wa ń fi ránṣẹ́ sàn jù èyí lọ, nítorí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó ń gbé e, a sì lè bi í pé ta ni ó bá nílé.

Láti ìgbà náà, àkọlé mi máa ń dárúkọ ọ̀rọ̀ náà gan-an àti ọjọ́ tí mo ń retí èsì. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ kàn ni mo ń fi sí "To". Àwọn tí ó kàn yẹ kí wọ́n gbọ́ wà ní CC, àyè àwọn tí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, nítorí pé lẹ́tà tí a kọ sí ènìyàn 6 pa pọ̀, oníkálukú ni yóò máa wo ojú ẹnì kejì. N kò gbára lé àmì pé wọ́n ti ṣí i, nítorí ẹni tí a kọ̀wé sí lè kọ̀ láti fi í ránṣẹ́, ṣíṣí kò sì jọ kíkà. Mo máa ń fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn pé ẹ ti rí i." Bí ilẹ̀ bá ṣú tí n kò gbọ́, mo máa ń pe fóònù.