MTV kọ́ ló bí fídíò orin

Lọ́dún tó kọjá, níbi ayẹyẹ ọjọ́ìbí kan ní Ìbàdàn, emsíì da ìbéèrè sáàárín èrò: fídíò orin wo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe láyé? Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní "Video Killed the Radio Star" ti ẹgbẹ́ Buggles ni, lórí MTV, lọ́dún 1981. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ẹ̀bùn fún un. N kò fẹ́ ba ayẹyẹ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, mo panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé tẹ̀ lé mi kiri. Kò sí oṣù tí n kì í bá a pàdé lórí Facebook tàbí nínú WhatsApp ẹbí. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó gbà á náà á tún fi í ṣọwọ́ sí ẹlòmíì. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn èèyàn tí irọ́ náà ń pa rẹ́ nínú ìtàn.

Apá tó rọrùn níbẹ̀ kò gba àsọyé rẹpẹtẹ. MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981, nígbà tí aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú kan, fídíò Buggles yẹn ni wọ́n sì fi ṣíde. Ṣùgbọ́n ọdún 1979 ni orin náà jáde ní Ìlú Ọba, ọdún yẹn kan náà ni Russell Mulcahy, ọmọ Ọsirélíà, ya fídíò rẹ̀. Òun ni MTV kọ́kọ́ gbé sáfẹ́fẹ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí: nígbà tí MTV Base bẹ̀rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà lóṣù kejì ọdún 2005, "African Queen" ti 2Face Idibia ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Ta ló máa jókòó ní Nàìjíríà kó sọ pé òun ni fídíò orin àkọ́kọ́ ní Áfíríkà? Gbogbo àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò jùjú àti fújì ti ń yí lọ́jọ́ Àìkú la mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sún un sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á ní "Bohemian Rhapsody" ti ẹgbẹ́ olórin Queen ni, ti oṣù kọkànlá ọdún 1975, èyí tí Bruce Gowers fi nǹkan bíi wákàtí 4 yà ní sítúdíò Elstree. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n lóṣù karùn-ún ọdún 1966, àwọn Beatles ti dúró nínú ọgbà Chiswick House ní London, wọ́n ti ya "Paperback Writer" àti "Rain", wọ́n sì fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí pé ara wọn kò lè dé ibi gbogbo.

Bí mo bá ti sọ èyí tán, èsì tí mo máa ń gbà ni pé: "Fíìmù nìyẹn, kì í ṣe fídíò." Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé, torí abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń sá sí.

Bó bá jẹ́ téèpù fídíò ló ń sọ nǹkan di fídíò orin, a jẹ́ pé "Thriller" ti Michael Jackson kì í ṣe fídíò orin. Fíìmù 35mm ni John Landis fi yà á lọ́dún 1983, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sinimá. N kò tíì rí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ fún mi. A sì jẹ́ pé gbogbo èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi fóònù yà, tí kò sí téèpù kankan nínú rẹ̀, kì í ṣe fídíò. Ohun tí wọ́n ká àwòrán sí lára kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. A ní láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà.

Mo ti dúró wò wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń yà á. Nínú agboolé kan ní Ìbàdàn ni. Wọ́n gbé sípíkà kalẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n tan orin tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ní sítúdíò lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú. Olórin ń la ẹnu bá a lọ, ohun tí wọ́n ń pè ní máìmù. Onígángan ń lu gángan tọkàntọkàn, máìkì kankan kò sí nítòsí ìlù náà. Nígbà tó yá, òjò ṣú, wọ́n sáré gbé sípíkà wọlé kó má baà bà jẹ́. Olórin kò dúró. Ó ń ka ọ̀rọ̀ orin náà wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń jù, ara rẹ̀ ń mì, kámẹ́rà sì ń yà á lọ, nítorí pé ohùn tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà nìyẹn. Orin ti parí kí kámẹ́rà tó dé. Àwòrán ló ń sin orin, kò ju ìwọ̀n orin kan lọ, wọ́n sì ṣe é kí èèyàn lè wo olórin níbi tí olórin kò sí. Sinimá tí wọ́n fi orin dárà sí kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ìtàn ló ni ilé, orin kàn wá kí i ni. Eré tí wọ́n yà lórí pèpéle náà kò rí bẹ́ẹ̀, torí ohùn àti àwòrán jọ wọlé pọ̀ ni. Bí ẹ bá gba òṣùwọ̀n yìí pẹ̀lú mi, ẹ jẹ́ ká padà sí Paris.

Lọ́dún 1902, Léon Gaumont fi ẹ̀rọ kan tó pè ní Chronophone han àwọn èèyàn. Ó so gíráámàfóònù mọ́ ẹ̀rọ sinimá kí àwo orin àti àwòrán lè jọ máa rìn. Alice Guy, obìnrin tó ń darí fíìmù fún un, ló ya àwọn olórin fún ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì lé ní 100. Phonoscène ni wọ́n ń pè wọ́n. Félix Mayol wà níbẹ̀, Dranem àti Polin wà níbẹ̀, àwọn olórin tí gbogbo Paris mọ̀ nígbà náà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: olórin á kọ́kọ́ kọrin sínú àwo, lẹ́yìn náà á wá síwájú kámẹ́rà, wọ́n á tan àwo náà, á sì máa la ẹnu bá ohùn ara rẹ̀ lọ. Fíìmù kúkurú kan ṣì wà tó fi Alice Guy hàn lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní sítúdíò Gaumont: àwọn òṣèré nínú aṣọ eré, kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwo gíráámàfóònù tó la ẹnu gbàgà. Ìgbà tí mo rí i, sípíkà tó wà nínú agboolé yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ó ku Soundies, àwọn fíìmù orin kúkurú tí èèyàn ń sanwó wò nínú ẹ̀rọ kan, òun ló sì ń dùn mí jù.

Lọ́dún 1940, ilé iṣẹ́ Mills Novelty ti Chicago gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Panoram. Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan tó ga ju èèyàn lọ, tí gíláàsì wà níwájú rẹ̀ lókè. Ilé ọtí, òtẹ́ẹ̀lì àti ibùdókọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Èèyàn á ju sẹ́ǹtì 10 sínú rẹ̀, á rí orin kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Orin 8 ló wà lórí fíìmù kan tí wọ́n so orí mọ́ ìdí, tó ń yí po. Ẹ kò lè yan èyí tó wù yín, èyí tó bá kàn lẹ máa wò. Ẹ̀rọ sinimá wà nínú ikùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, dígí ló sì ń gbé àwòrán dé ara gíláàsì. Nítorí dígí yìí, òdìkejì ni wọ́n ń tẹ fíìmù náà, kó lè padà bọ̀ sípò lójú ẹni tó ń wò ó. Bí wọ́n sì ṣe ń yà wọ́n kò yàtọ̀ sí ti agboolé Ìbàdàn: wọ́n á ká orin ná, olórin á wá la ẹnu bá a lọ, wọ́n á ya mélòó kan pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí owó má baà pọ̀.

Láàárín ọdún bíi 7, wọ́n ṣe ohun tó lé ní 1,800. Nínú wọn, èyí tó lé ní 300 jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Duke Ellington wà níbẹ̀. Cab Calloway, Fats Waller, Count Basie, Nat King Cole, Louis Jordan. Dorothy Dandridge wà níbẹ̀, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún, ó ń jó, ó ń kọrin, ó sì ń wo ojú kámẹ́rà bí ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan wà lódìkejì. N kò sọ pé Soundies mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọ aṣọ oko òwú fún àwọn olórin wọ̀nyí, tó fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀, ojú wọn àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ní nǹkan bí 40 ọdún kí MTV tó dé.

Nígbà tí MTV náà wá dé ńkọ́? Fún ọdún kan àti ààbọ̀ àkọ́kọ́, ẹ óò wò títí kí ẹ tó rí aláwọ̀ dúdú. Rick James, olórin aláwọ̀ dúdú kan, pariwo sí wọn ní gbangba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, nígbà tí Mark Goodman ti MTV ń fọ̀rọ̀ wá David Bowie, olórin ará Ìlú Ọba, lẹ́nu wò, Bowie yí ìbéèrè padà sí i: kí ló dé tí òun kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn olórin aláwọ̀ dúdú lórí ìkànnì yín? Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé orin rọ́ọ̀kì ni àwọn ń gbé jáde. Oṣù kẹta ọdún 1983 ni "Billie Jean" ti Michael Jackson tó rọ́nà wọlé. Nígbà tí "Thriller" jáde lóṣù kejìlá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 14, kò sẹ́ni tó tún lè ti ilẹ̀kùn mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 1981 ni ìtàn fídíò orin bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń lé àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Á wá dà bíi pé àlejò ni wọ́n nínú ilé tí àwọn náà bá wọn kọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ ayẹyẹ nìyẹn, tí n kò sọ.

N kò ní gba iṣẹ́ MTV lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gbé fídíò orin fún wákàtí 24 lójúmọ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo fi bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí fídíò bí ẹni ń náwó sí orin fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin Duran Duran fò lọ sí Sri Lanka pẹ̀lú Mulcahy kan náà láti ya "Hungry Like the Wolf", MTV ló sì sọ wọ́n di ẹni mímọ̀ ní Amẹ́ríkà. Agbára ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó la títì sí ọjà kọ́ ló dá ọjà sílẹ̀.

Kí Soundies tó di ìgbàgbé pátápátá, àwọn Faransé ti gbé ẹ̀rọ fíìmù orin tiwọn, Scopitone, jáde lọ́dún 1960, aláwọ̀ mèremère, fíìmù 36 nínú ẹ̀rọ kan, tí oníbàárà lè yan èyí tó wù ú. Nínú àwọn ilé kọfí tí àwọn òṣìṣẹ́ láti Àlùjíríà àti ilẹ̀ Lárúbáwá yòókù ń jókòó sí ní Paris, orí Scopitone ni wọ́n ti ń rí àwọn olórin ilé wọn tó ń kọrin ní èdè wọn, ní ìlú tí tẹlifíṣọ̀n kò ti dá wọn mọ̀.

Èwo wá ni àkọ́kọ́? Bí ẹ bá fi dandan mú mi, n ó mú phonoscène. Ṣùgbọ́n n kò ní búra lé e. Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tó ń wo phonoscène tàbí Soundies ń sanwó láti wo àwòrán ni, kì í ṣe ìpolówó àwo. Bí ìpolówó bá sì ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó sún wá sí àwọn ọdún 1960. Ẹlòmíì lè sún un lọ sí 1894, nígbà tí wọ́n ń fi àwòrán ara gíláàsì hàn lára ògiri ní Amẹ́ríkà bí olórin ṣe ń kọ "The Little Lost Child" lójúkojú, tí ìwé orin náà sì tà wàràwàrà. Àmọ́ àwòrán yẹn kò mira. Ó dá lórí ohun tí ẹ bá pè ní fídíò orin. Ohun tí kò lè yí padà ni pé kì í ṣe ọdún 1981.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ wo Soundies fúnra yín, wọ́n wà lórí YouTube lọ́pọ̀ yanturu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Ọdún tí àwọn èèyàn ń kọ sí abẹ́ rẹ̀ kì í sábà pé. Àwọn kan ti kun ọ̀dà sí i, wọ́n á ní bó ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Dúdú àti funfun ni wọ́n yà á. Àwọn kan ti gé orúkọ ẹgbẹ́ olórin kúrò ní iwájú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì tan án lórí ẹ̀rọ lásán láìyí i padà, bó ṣe wà nínú ikùn Panoram gẹ́lẹ́. Ẹ wo ọwọ́ tí onígìtá fi ń ta okùn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí bọ́tìnnì kóòtù àwọn ọkùnrin wà. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń lo ọwọ́ òsì, tí ìwé ara ògiri sì ń kà sẹ́yìn, dígí ló kù kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.