Samuel Akínsànyà, Ọdẹ̀mọ Ìsarà

Ọba Samuel Akínsànyà (1898–1985) jẹ́ olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní Èkó, ọ̀kan lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà (Nigerian Youth Movement) sílẹ̀, àti Ọdẹ̀mọ ìlú Ìsarà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ láti ọdún 1941 títí ó fi wàjà. Ìsarà, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń kì ní Afọtamodi, ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé

Ìsarà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà kó tó gba Èkó lọ ṣe iṣẹ́ akọ̀wé.

Ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀

Ní àwọn ọdún 1930, Akínsànyà di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ó sì tún wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irè oko, títí tó fi di ààrẹ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í sábà fún ipò méjèèjì yìí ju ìlà kan lọ, bẹ́ẹ̀ ó ṣòro láti lóye ìṣèlú rẹ̀ láìmọ ohun tó ń dun àwọn tó ń ṣojú fún. Alágbàtà kòkó ní Rẹ́mọ a máa gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi. Á wọ oko lọ bá àgbẹ̀ dúnàádúrà, á gbé kòkó sórí òṣùwọ̀n, á dì í sínú àpò, á sì wá ọkọ̀ tí yóò kó o dé Èkó. Bí iye kòkó bá já wálẹ̀ kó tó tà á, òun ló jẹ gbèsè. Bí ìjọba bá sì fi kún owó ìwé àṣẹ ọkọ̀, orí rẹ̀ náà ni owó ọkọ̀ tó gbówó lérí ń bọ̀. Ìjọba àmúnisìn, tó ní rélùwéè, kò fẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù máa gba ẹrù mọ́ ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ òfin ìrìnnà ìgbà náà kò sì ṣẹ̀yìn èyí.

Ọ̀rọ̀ náà le sí i ní 1937, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó, United Africa Company (UAC) ni aṣáájú wọn, fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní máa fi owó lé ara wọn lórí ọjà mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast (Gánà òní) kọ̀, wọn kò ta kòkó wọn. Ní Nàìjíríà, Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ló gbé ìjà náà sórí. Ìgbìmọ̀ Nowell tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ní 1938 dá àdéhùn náà lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ àti ìjà 1941

Akínsànyà, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Dókítà J. C. Vaughan ló ṣíwájú àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934, nítorí pé ìwé ẹ̀rí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábà kò ní bá oyè yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ní 1936 ni wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí ti Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1938, ẹgbẹ́ náà gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin mọ́ ẹgbẹ́ Herbert Macaulay lọ́wọ́.

Nígbà tí ìjókòó Kòfó Abáyọ̀mí, ọ̀kan lára mẹ́ta náà, ṣófo, Ikoli àti Akínsànyà jọ dù ú. Ikoli, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw), ni ẹgbẹ́ mú. Nnamdi Azikiwe wà lẹ́yìn Akínsànyà, àwọn méjèèjì sì kúrò nínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n sábà máa ń pe èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ kan náà, Ikoli ló tì lẹ́yìn.

Lórí ìtẹ́

Ní ọdún 1941 yìí kan náà ni Akínsànyà jọba ní Ìsarà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ òṣèlú tí Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ẹ̀yìn Awólọ́wọ̀, tí wọ́n ti jọ kọjú ìjà síra lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú, ni ọba náà wà, ó sì jẹ́ mínísítà láìní ẹ̀ka iṣẹ́ kan pàtó nínú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní àwọn ọdún 1950.

Kò yà kúrò lẹ́yìn Awólọ́wọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà fọ́ ní 1962. Ìjọba Ládòkè Akíntọ́lá, tó yapa sí Awólọ́wọ̀, gé owó oṣù rẹ̀ wálẹ̀ sí kọ́bọ̀ kan lọ́dún. Kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà, 240 rẹ̀ ló ń pé pọ́n-ùn kan. Ẹni tó bá fẹ́ pín in sí oṣù 12 kò ní rí owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ná. Ọba náà kò tìtorí rẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìtàn kọ́bọ̀ kan yìí ni wọ́n sì ń sọ jù nípa rẹ̀ títí di òní, ju ti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ lọ dáadáa.

Ó wàjà ní 1985, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 44 lórí ìtẹ́.