Owó Idẹ Róòmù Àtijọ́: Kíkó Wọn Jọ àti Wíwo Ipò Wọn

Owó idẹ Róòmù àtijọ́ ni a ń pe gbogbo owó Róòmù tí kì í ṣe wúrà, tí kì í sì í ṣe fàdákà. Irin wọn ò dọ́gba. Nígbà tí Augustus, olú-ọba Róòmù, tún owó ṣètò ní nǹkan bí ọdún 23 ṣáájú ìbí Kristi, bàbà tí wọ́n yọ́ mọ́ sínǹkì ni wọ́n fi rọ owó tí wọ́n ń pè ní sestertius àti dupondius. Bàbà lásán ni ti as àti quadrans, àwọn owó tó kéré sí wọn. Orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, torí “idẹ” làwa náà ń pè é, ìbáà jẹ́ sínǹkì ló wà nínú rẹ̀ tàbí tánganran.

As mẹ́rin ni sestertius kan, sestertius mẹ́rin sì ni denarius fàdákà kan. Sestertius a máa wọ̀n tó gíráàmù 25, a sì máa fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fín òǹtẹ̀ fi ráyè ya irun àti àgbọ̀n olú-ọba kínníkínní. Dupondius àti as fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Láti ìgbà olú-ọba Nero, adé onítànṣán tó wà lórí olú-ọba ni wọ́n sábà fi ń mọ dupondius.

Àwọn owó kéékèèké ọ̀rúndún kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, torí wọn ò wọ́n. Ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n kọ sára wọn la fi ń pè wọ́n. Nínú wọn ni Gloria Exercitus wà, tí àwòrán ọmọ ogun méjì wà ní ẹ̀yìn owó náà. Urbs Roma, tí ìkookò ń fún ìbejì lọ́mú. Àti Fel Temp Reparatio, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 348, tí ọmọ ogun kan ń gún ẹlẹ́ṣin tó ṣubú. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn owó ló ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́: ANT fún Áńtíókù, SIS fún Siscia, ìlú tó ń jẹ́ Sisak ní Kroatíà lónìí. Wọn ò wọ́n torí pé ilẹ̀ ṣì ń pọ owó Róòmù jáde. Ní ọdún 2010, nítòsí Frome ní Somerset, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti kó owó 52,503 jáde, ti ọ̀rúndún kẹta lèyí tó pọ̀ jù.

Bí owó ṣe gbó tó ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ipò rẹ̀. Fine (ó dára), Very Fine (ó dára gan-an) àti Extremely Fine (ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ) ni àwọn oníṣòwò ń lò. Ìdíwọ̀n tó dé 70, tí wọ́n ń lò fún owó òde òní, kò wúlò níbí. Ọwọ́ ni àwọn ará Róòmù fi ń lu owó: wọ́n á gbé irin pẹlẹbẹ sórí òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé òǹtẹ̀ kejì lé e, wọ́n á wá fi òòlù lù ú. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, ìdajì orúkọ olú-ọba á bọ́ sóde. Bí òǹtẹ̀ bá ti gbó, owó tí ẹnikẹ́ni kò ná rí á jáde pẹ̀lú ojú fífọ́. Nítorí náà ni NGC, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń díwọ̀n ipò owó, ṣe ń fún lílù àti awọ owó ní máàkì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, márùn-ún ló sì ga jù. Ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ wò ó, kó jẹ́ kí iná ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i: irun òkè etí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí ewé adé ló ń kọ́kọ́ pa rẹ́.

Awọ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìpáàrà tó le, tó tẹ́jú, ìbáà jẹ́ aláwọ̀ ewé, pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí dúdú, ẹwà ló jẹ́ fún owó, ó sì ń dáàbò bò ó. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ idẹ títí á fi máa dán ló máa ba owó Róòmù jẹ́ pátápátá. Omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, igi ṣóńṣó àti sùúrù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ìpáàrà kan wà ṣá o tí kì í ṣe ẹwà. Tí iyọ̀ ilẹ̀ bá ti wọ inú irin, tí ọ̀rinrin wá kàn án, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fífẹ́rẹ́ á máa hù lójú owó bí ìbu. Tí a bá fi abẹ́rẹ́ kàn án, á bọ́, ihò á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Àìsàn idẹ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ha ìyẹ̀fun náà dànù, wọ́n á rẹ owó sínú omi tí wọ́n ń pààrọ̀ léraléra, wọ́n á gbẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọ̀rinrin kò sí. Ọ̀rá PVC rírọ̀ kò dára fún un, torí ó ń tú ásíìdì jáde.

Sestertius ńlá ni àwọn onímàgòmágó fẹ́ràn jù: wọ́n á fi irinṣẹ́ tún irun tó ti pa rẹ́ fín. Bí irun bá mú ṣáṣá nígbà tí lẹ́tà etí owó ti gbó, ó yẹ kéèyàn fura. Ti Giovanni da Cavino ará Padua yàtọ̀ díẹ̀. Àfarawé owó Róòmù tó ṣe ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún dára débi pé àwọn kan ń kó òun náà jọ.

Òfin ò dọ́gba níbi gbogbo. Ní Ítálì, ìjọba ló ni ohun àtijọ́ tí a bá hú nílẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, lábẹ́ òfin ìṣúra ọdún 1996, owó idẹ kan ṣoṣo kì í sábà jẹ́ ìṣúra, ṣùgbọ́n mẹ́wàá tó ti ju 300 ọdún lọ, tí wọ́n rí pọ̀, ìṣúra ni, dandan sì ni kí ẹni tó rí i lọ fi tó aláṣẹ létí. Ìdí nìyẹn tí ìwé pélébé tí ẹni tó ni owó tẹ́lẹ̀ kọ, tí ọjọ́ àti ibi tó ti rà á wà nínú rẹ̀, fi ń bá owó náà lọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn.