Amẹ́ríkà ń lé ọmọ Ṣáínà, Amẹ́ríkà ń pe ọmọ Ṣáínà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2025, Marco Rubio, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kéde pé ìjọba máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba físà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà, láìfi ojú àánú wò wọ́n. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Ààrẹ Donald Trump fi ní 600,000 akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà ni àwọn máa gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, pàápàá àwọn òbí tó ń wá ilé ìwé òkèèrè fún ọmọ tiwọn náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè rèé.

Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, èwo ló fẹsẹ̀ múlẹ̀?

Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn tí Rubio ní òun ń wá ni àwọn tó bá ní àjọṣe pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tí ìjọba kà sí ẹlẹgẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ní ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ní ẹnì kan níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè méjèèjì dúnàádúrà lórí òwò tán ní London, Trump ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà máa bọ̀. Èyí tó wà lákọsílẹ̀ ni àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2020, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gboyè mástà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé bí wọ́n bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tó ń bá ológun Ṣáínà ṣiṣẹ́. Biden gorí àlééfà, kò fagi lé e.

Ṣé wọ́n tó 600,000 ní Amẹ́ríkà ni?

Wọn kò tó o. 265,919 ni wọ́n ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024/25, White House sì padà ṣàlàyé pé físà ọdún méjì ni Trump kà pọ̀. Ọdún tí wọ́n pọ̀ jù ni 2019/20, tí wọ́n jẹ́ 372,532. Láti 2023/24 ni àwọn ọmọ Íńdíà ti ṣíwájú wọn.

Kí ni Amẹ́ríkà ń rí lára wọn?

Owó. Ọmọ Ṣáínà tó lọ gba oyè àkọ́kọ́ sábà máa ń san owó ilé ìwé ní pípé, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Mínísítà ètò ìṣòwò wọn, Howard Lutnick, sọ ọ́ síta lórí tẹlifíṣọ̀n pé bí wọn kò bá wá, ìdá márùndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yunifásítì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, máa kógbá wọlé.

Ẹ wo Yunifásítì Illinois tó wà ní Urbana-Champaign. Ní 2017, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀ka ìṣòwò níbẹ̀ lọ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣàdéhùn: àwọn á máa san 424,000 dọ́là lọ́dún, kí wọ́n lè rí tó mílíọ̀nù 60 dọ́là gbà bí owó tó ń wọlé látọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà bá já wálẹ̀ lójijì nítorí físà tàbí ìjà òwò. Ilé ẹ̀kọ́ tó ṣe irú èyí mọ ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ṣé yunifásítì Ṣáínà kò dára ni wọ́n fi ń lọ?

Ó dára. Gbogbo ayé ló ń bọ̀wọ̀ fún Tsinghua àti Peking. Ẹnu ọ̀nà ló há. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìfẹ́ Amẹ́ríkà ló ń gbé àwọn ọmọ yìí kúrò nílé.

Ìdánwò àṣewọlé wọn, gaokao, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà. Ní 2025, ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún un jẹ́ mílíọ̀nù 13.35; JAMB tiwa tí à ń sunkún lé lórí kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn tó ń kọ́lé nítòsí á dáwọ́ dúró, ọlọ́pàá á darí ọkọ̀ gba ibòmíràn kí ariwo fèrè má bàa wọlé, àwọn ìyá á sì tò sẹ́nu géètì nínú aṣọ pupa, torí pupa ni àwọ̀ oríire lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wọ ètò tí wọ́n ń pè ní 985, èyí tí agbanisíṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò, kò ju 39 lọ ní gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà.

Ibi tí ọmọ ti wá tún ń dá sí i. Yunifásítì máa ń pín ààyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ Beijing sì ń rọ́nà wọlé ju ọmọ Henan lọ. Ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń ṣe gaokao ní Henan lọ́dọọdún, síbẹ̀ ẹyọ kan nínú àwọn 39 yẹn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kọlu ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ abínibí nígbà tó ń wá ààyè sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ nílẹ̀ yìí mọ bó ṣe ń dunni.

Ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò gbé e dé 985, tí òbí rẹ̀ sì lówó díẹ̀ lọ́wọ́, á wá wò ó pé Yunifásítì Sydney ń gba èsì gaokao. Àwọn òbí mìíràn kì í tilẹ̀ dúró dè é. Láti girama ni wọ́n ti ń fi ọmọ sí kíláàsì A-level, ọmọ náà kò sì ní jókòó fún ìdánwò ilé mọ́.

Ṣé ìjọba Ṣáínà ló ń rán wọn?

Bó ṣe rí nìyẹn ní oṣù kejìlá 1978, nígbà tí àwọn 52 àkọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà lásìkò Deng Xiaoping. Lónìí, òbí ló ń sanwó fún èyí tó pọ̀ jù.

Níbo ni òbí ti ń rí irú owó bẹ́ẹ̀?

Òpin 2015 ni òfin ọmọ kan ṣoṣo kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní yunifásítì báyìí kò lẹ́gbọ́n, wọn kò lábúrò: bàbá, ìyá, àti àwọn òbí àgbà mẹ́rin ló dáwó lé wọn lórí. Àwọn mìíràn ta ilé. Àmọ́ iye owó ilé ti ń já wálẹ̀ níbẹ̀ láti 2021, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí ìdílé tó jẹ́ pé ó kàn tó jẹun ni máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Dọ́là tí ẹnì kan lè ṣẹ́ lọ́dún náà kò gbọdọ̀ ju 50,000 lọ, àfi tó bá kó ìwé ilé ìwé lọ sí báńkì. Ẹni tó bá ti fi Fọ́ọ̀mù A wá dọ́là ní Nàìjíríà kò ní béèrè àlàyé.

Ṣé wọ́n máa ń padà sílé?

Púpọ̀ wọn. Ní 2019, àwọn 703,500 ló jáde lọ kàwé, àwọn 580,300 sì padà wọlé. Iṣẹ́ ni kò dúró dè wọ́n mọ́. Ní oṣù kẹfà 2023, àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tí kò níṣẹ́ dé ìdá 21.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba sì dá títẹ iye náà jáde dúró fún oṣù mélòó kan. Ní oṣù kẹrin 2025, Dong Mingzhu, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Gree tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù, sọ pé òun kò ní gba ẹni tó kàwé lókè òkun síṣẹ́, nítorí amí lè wà láàárín wọn. Ó ká mi lára. Ọmọ tí Amẹ́ríkà ń fojú amí Ṣáínà wò ni ọ̀gá kan ní Ṣáínà tún ń fojú amí òkèèrè wò.

Ṣé amí wà láàárín wọn lóòótọ́?

Ní 2023, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán ẹnì kan tó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn 265,000.

Bí Amẹ́ríkà bá ń le, ibo ni wọ́n ń gbà lọ?

Wọ́n lé ní 150,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022/23, níbi tí oyè mástà kì í ti sábà ju ọdún kan lọ. Hong Kong gbé ààyè tó fi sílẹ̀ fún ọmọ ìta kúrò ní ìdá 20 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2024/25. Síńgápọ̀, Màléṣíà àti Jàpáánù náà ń gbà wọ́n. Ọsirélíà ní tiẹ̀ gbé owó físà akẹ́kọ̀ọ́ láti 710 dọ́là tiwọn lọ sí 1,600 ní oṣù keje 2024, ó sì tún sọ ọ́ di 2,000 lọ́dún kejì.

Kí ló kan ọmọ tiwa níbẹ̀?

Ó kàn án gan-an. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026, Amẹ́ríkà dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àyàfi ẹni tó ti ní èyí tó ṣì dára lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà wà lórí ìwé. Orí tábìlì òwò ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ ti Ṣáínà, torí ìjọba wọn ní ohun tí Amẹ́ríkà ń wá. Ó yẹ ká máa bi ìjọba tiwa léèrè bóyá wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún ọmọ mi láàyè. Kí ni kí n ṣọ́?

Ẹ ka ìwé owó ilé ìwé dáadáa kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Nígbà tí náírà já, Yunifásítì Teesside yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní 2024 nítorí pé owó wọn kò pé lásìkò, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílẹ̀ náà. Ẹ béèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín: ìgbà mélòó ni mo lè pín owó yìí sí? Bí mo bá pẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí ẹ tó yọ ọmọ mi? Bí wọn kò bá fún un ní físà, èló lẹ máa dá padà? Ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń lọ ṣe mástà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà gbé. Ṣé òótọ́ ni?

Jìbìtì orí fóònù ni. Oníjìbìtì á pe ọmọ, á ní ọlọ́pàá Ṣáínà ni òun, á halẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi lọ fara pamọ́, á sì ní kó ya fọ́tò ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dè. Fọ́tò yẹn ló máa fi gbowó lọ́wọ́ òbí. Ní oṣù kejìlá 2023, ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan lóun nìkan nínú àgọ́ lórí òkè, nínú òtútù, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣáínà ti fi nǹkan bíi 80,000 dọ́là ránṣẹ́. Ọmọ yín náà lè bọ́ sí irú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé ọmọ wà lọ́wọ́ òun, ẹ má sanwó. Ẹ wá ọmọ náà lórí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ti ẹni tó ń bá gbélé, kí ẹ sì ké sí ilé ìwé rẹ̀ àti ọlọ́pàá ìlú tó wà. Kí ọmọ tó wọ bàálù ni kí ẹ ti gba àwọn nọ́ńbà yẹn sílẹ̀.