Ọmọ Ìkòròdú Ló Kọ́ Wa Bá A Ṣe Ń Polówó Oògùn Nínú Ìwé

Kẹ́nì kankan má baà ní mò ń ṣègbè lábẹ́lẹ̀, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ ni mí, gbangba ni mo ti ń ṣègbè tèmi. Bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ ìpolówó inú ìwé ìròyìn ayé òyìnbó sílẹ̀, Abẹ́òkúta lojú gbogbo èèyàn máa ń lọ, torí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1859. Kò burú. Ìwé ọ̀hún ròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ròyìn ọkọ̀ òkun, nígbà tí wàhálà ìfọ́lé, tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, dé lọ́dún 1867 ó kógbá sílé. Àmọ́ tajàtajà kọ́ nìyẹn jàre. Jacob Odùláté, ọmọ Ìkòròdú tó ṣe oògùn Alábùkún, ni tèmi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀, ìpolówó. Àwọn kan ní "pe òwò" ló ti wá, mi ò gbà, ìpòwò là bá máa sọ nígbà yẹn. Pe olówó ni! Ẹni tówó wà lápò ẹ̀ lò ń pè. Ìyá tó ń kígbe "láńgbé jinná o" kò sọ iye tó ń tà á fún ẹ, kò sọ oko tó ti kó o wá, ó kàn fẹ́ kítọ́ ti yọ lẹ́nu ẹ kó o tó rántí pé o ti jẹun.

Ní nǹkan bí ọdún 1505, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtugí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Geebuu, pé yàrà gìrìwò yí i ká, pé wọ́n ń fi ẹrú àti eyín erin gba ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ. Àwa Ìjẹ̀bú nìyẹn. (Abẹ́òkúta ò tíì sí nígbà yẹn o, ọdún 1830 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ dó, mo kàn ń sọ ni.) Ìlú tó ti ń bá òyìnbó dúnàádúrà látọjọ́ yẹn, ṣé wọ́n á jókòó ti ọjà wọn lẹ́nu dídì ni? Àní nígbà tí wọ́n ń sọ pé "Ìjẹ̀bú-Òde, àjòjì ò wọ̀ ọ́, bájòjì wọ̀ ọ́ láàárọ̀ wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́", témi bá máa sọ tèmi, ọ̀rọ̀ owó ló wà nídìí ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹbọ lọ, torí bí àlejò bá gba àárín ìlú kọjá, á mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan lókè lọ́hùn-ún, èrè wa ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjà Èkó á gba ojú ọ̀sà dé Ẹ̀jìnrìn, àwa la ó gbé e lọ sókè. Mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé láàárín ọjà Ẹ̀jìnrìn yẹn, lẹ́kúlẹ́jà wà níbẹ̀ tó tẹ́ egbò, èèpo àti atalẹ̀ sílẹ̀, tó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé inú rírun ẹ lánàá, òun mọ̀ nípa ẹ̀. Ohun tí ìwé ìròyìn wá fi lẹ́tà kọ nígbà tó yá nìyẹn, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun Ìmàgbọ̀n, tí òyìnbó fi ṣẹ́gun àwa Ìjẹ̀bú, jà ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọ̀nà là, àwọn ọmọ wa wọ ilé ìwé, ìwé ìròyìn Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ wá mọ ohun tó kún inú àwọn ìwé yẹn? Oògùn ni. Beecham's Pills, Mother Seigel's Syrup, Pink Pills ti Dr Williams tó wá láti Kánádà. Àwọn oní Pink Pills yìí gbọ́n féèyàn. Wọ́n á kọ ìpolówó bí ẹni tó ń ròyìn, pé ẹnì kan wà nílùú báyìí tí kò lè dìde ńlẹ̀ mọ́, o ti fẹ́ẹ̀ sunkún tán kó o tó rí i pé oògùn ni wọ́n fẹ́ tà fún ẹ. "Páténtì" tí wọ́n ń pè wọ́n yẹn, lẹ́tà àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gba lẹ́tà kankan, orúkọ lásán ni wọ́n fi ń jà, wọn ò sì jẹ́ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Títí dòní ẹ ṣì máa rí i lára ìgànnà ṣọ́ọ̀bù ní Ṣágámù, Patent Medicine Store, tí gbogbo àdúgbò á sì máa pe ẹni tó ni ín ní dókítà. Lọ́dún 1909 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí, wọ́n ní álóè, ọṣẹ àti atalẹ̀ ló wà nínú Beecham's. Atalẹ̀ kẹ̀! Ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan ààbọ̀ ni wọ́n ń ta páálí ẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ò sì tó ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ kan. Ìyá oní-lẹ́kúlẹ́jà yẹn ò mọ̀ pé òyìnbó ń bá òun du ọjà.

Báyìí ló ṣe kan Jacob Sógbóyèga Odùláté. Ìkòròdú ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1884, Ìkòròdú tó jẹ́ pé àwọn ará Rẹ́mọ ló tẹ̀ ẹ́ dó, oko odú ni wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ewébẹ̀ odú tá a fi ń se ọbẹ̀ yẹn náà ni. Lọ́dún 1865 ogun Ẹ̀gbá lọ dó ti ìlú yìí, àfìgbà tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó kó sójà lọ lé wọn. Kò pé ogójì ọdún sí i, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan láti Ìkòròdú fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ní oṣù mẹ́ta ló fi rìn ín, ó di Abẹ́òkúta, ó kọ́ṣẹ́ oògùn níbẹ̀, nígbà tó di 1918 ó gbé Alábùkún, ìyẹ̀fun oògùn orí fífọ́, jáde. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá lẹ gbógun tì wá, àwa la wá wo orí fífọ́ yín sàn. Àwọn ará ibẹ̀ á ní tiwọn ni torí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò fèsì sí ìyẹn.

Ohun tí baba yìí wá ṣe ni Almanac Alábùkún tó ń tẹ̀ lọ́dọọdún látọdún 1920 sókè títí wọ àárín àwọn ọdún 1950, tó ń lọ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwé ìròyìn tó o rà láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ àkàrà ló wà nínú ẹ̀. Almanac ní tiẹ̀, ìṣó ni wọ́n á fi kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, ojoojúmọ́ tó o bá ń wo ọjọ́ lò ń wo Alábùkún, oṣù méjìlá gbáko lórí owó ẹ̀ẹ̀kan. Orúkọ yẹn náà ńkọ́, Alábùkún, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà sí oògùn náà kó o tó gbé e mì, òyìnbó wo ló máa fi Pills borí ìyẹn?

Ìjẹ̀bú-Òde náà ní Joseph Odùmósù tó kó egbòogi jọ sínú ìwé, àmọ́ ìyẹn kọ́ni ni, kò tajà. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ yára: ìwé ìròyìn Akéde Èkó dé ní 1928, ọdún yẹn náà ni àwọn òyìnbó dá ilé iṣẹ́ ìpolówó West African Publicity sílẹ̀ l'Ékòó, ìwé ìròyìn West African Pilot jáde ní 1937, Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa, gbé ìwé ìròyìn Tribune kalẹ̀ ní 1949, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dé, ó parí.

Ìyá àgbà mi ò mọ ìwé kà. Síbẹ̀ bí wọ́n bá rán mi ní Alábùkún, wọ́n á gba ìdì ọ̀hún lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé e síwájú fìtílà, wọ́n á wo àwòrán ọkùnrin tó wà lára ẹ̀ dáadáa bóyá òun náà ni, kí wọ́n tó wá ya etí ẹ̀, kí wọ́n la ẹnu, kí wọ́n gbọn ìyẹ̀fun náà sórí ahọ́n, kí wọ́n sì nawọ́ sí mi fún omi.